Igi Gbíngbìn Nínú Oko Àṣíkiri: Bí Ilẹ̀ Ṣe Lè Sinmi Nígbà Tí Ilẹ̀ Kò Tó Mọ́

Oko àṣíkiri ni ọ̀nà ọ̀gbìn tí àwọn Yorùbá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń lò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àgbẹ̀ yóò ṣán igbó, yóò sun ún, yóò sì gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ sí i fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, yóò fi í sílẹ̀, yóò sì ṣí lọ sí apá ibòmíràn. Ọdún mẹ́wàá, nígbà mìíràn ogún ọdún, lè kọjá kí ó tó padà sí ibi tí ó ti kọ́kọ́ dáko. Láàárín ìgbà náà, igbó yóò ti hù padà, ilẹ̀ yóò sì ti sinmi.

Ọ̀nà yìí dára níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá pọ̀ tí ènìyàn sì kéré. Lóde òní, ilẹ̀ kò tó mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa ọ̀gbìn àti àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn fi ń wá bí ilẹ̀ yóò ṣe rí ìsinmi láàárín ọdún díẹ̀, tàbí bí yóò ṣe máa sinmi bí wọ́n ti ń gbin oúnjẹ sí i lọ. Igi gbíngbìn wà lára ìdáhùn tí ó lágbára jù lọ tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ìtàn igi náà nílẹ̀ Yorùbá àti ní agbègbè rẹ̀ fi hàn pé igi nìkan kò tó. Ẹni tí ó ni ilẹ̀, iye ọwọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, àti ohun tí igi náà yóò mú wá fún àgbẹ̀, àwọn ni yóò sọ bóyá igi náà yóò dúró tàbí wọn yóò fà á tu.

Iṣẹ́ tí igbó ń ṣe nígbà tí oko bá ń sinmi

Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí ó wà lásán. Iṣẹ́ ńlá ni ó ń lọ níbẹ̀. Gbòǹgbò àwọn igi tí ó ń hù padà a máa wọlẹ̀ jìnnà ju ti àgbàdo tàbí iṣu lọ, wọn a sì máa fa oúnjẹ tí òjò ti wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ padà sókè. Oúnjẹ yìí a di ewé, ewé a já bọ́, a sì jẹrà sórí ilẹ̀. Ekòló àti àwọn kòkòrò mìíràn a máa tú ilẹ̀, kí omi òjò lè wọ inú rẹ̀ dípò kí ó máa ṣàn lọ. Ibòji igi a sì máa pa àwọn èpò tí kò lè gbé láìsí oòrùn, pàápàá jù lọ ẹ̀kan, tí ọkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ borí.

Nígbà tí àgbẹ̀ bá padà wá, tí ó ṣán igbó náà tí ó sì sun ún, eérú yóò dá púpọ̀ nínú oúnjẹ tí igi ti kó jọ padà fún ilẹ̀, bíi pọtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú náítírójìn tí ó wà nínú ewé àti igi náà a máa bá èéfín lọ. Ìwé kan tí P. H. Nye àti D. J. Greenland gbé jáde ní ọdún 1960 lórí ilẹ̀ oko àṣíkiri ṣàlàyé ètò yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, àwọn onímọ̀ sì ń tọ́ka sí i títí di òní.

Àwọn àgbà àgbẹ̀ kò dúró de ìwé kankan kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣán oko, wọn kì í gé gbogbo igi pátá. Wọn a dá ọ̀pẹ sí, wọn a dá ìrókò, òro àti àgbálùmọ̀ sí. Ní apá ọ̀dàn, wọn a dá igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú sí, wọn a sì dá emi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí sí. Àwọn igi tí wọ́n bá gé, wọn kì í hú kùkùté wọn. Kùkùté wọ̀nyí a máa rúwé padà ní kété tí àgbẹ̀ bá ti kúrò lórí ilẹ̀ náà, igbó a sì tètè dé. Ní ibi tí katakata bá ti hú gbogbo kùkùté tán, kì í sí igi tí yóò rúwé padà bẹ́ẹ̀. Koríko ni ó sábà máa ń gba ibẹ̀.

Igi gbíngbìn pàápàá kì í ṣe àjèjì. Pèrègún àti akòko ni àwọn Yorùbá ti ń gbìn láti fi ṣe ààlà ilẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni gbígbin igi nítorí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kí igi lè ṣe iṣẹ́ ogún ọdún igbó láàárín ọdún díẹ̀.

Ohun tí ó gé ìsinmi ilẹ̀ kúrú

Àkọ́kọ́ ni pípọ̀ tí ènìyàn pọ̀ sí i. Ìkànìyàn ọdún 1963 ka nǹkan bí mílíọ̀nù 55 ènìyàn ní Nàìjíríà. Ti ọdún 2006 ka ju mílíọ̀nù 140 lọ. Ilẹ̀ kò sì fẹ̀ sí i. Ìkejì ni kòkó, obì àti àwọn igi owó mìíràn. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni kòkó ti ń gba igbó ní ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó, ilẹ̀ tí kòkó bá sì ti gbà kò sí nínú ètò oko àṣíkiri mọ́. Ìkẹta ni ìlú tí ó ń gbòòrò.

Àpẹẹrẹ ìkẹta yìí tí ó sún mọ́ ará Èkó jù lọ wà lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n tó la ọ̀nà ńlá náà ní àwọn ọdún 1980, abúlé apẹja àti àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù láàárín ọ̀sà àti òkun níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ni wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ oníyanrìn náà. Lónìí, ilé gbígbé ni ó kún agbègbè Àjàh, Thomas Estate sì jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ẹ́síteètì tí ó wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ibùdó okòwò tí kì í san owó orí, èyí tí ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ti gba ilẹ̀ ńlá. Ní ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí àti ilé ìfọpo Dangote ní agbègbè kan náà.

Ẹni tí ó ń gbé ẹ́síteètì lè rò pé ọ̀rọ̀ ìsinmi ilẹ̀ kò kan òun. Ó kàn án. Ilẹ̀ tí ilé bá ti bò kò ní padà di igbó mọ́. Àgbẹ̀ tí ó ń ṣí láti ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn yóò wá máa yí po lórí ìwọ̀nba tí ó kù. Gàrí àti àgbàdo tí wọ́n ń tà ní ọjà Àjàh ń ti irú oko bẹ́ẹ̀ wá. Bí ilẹ̀ bá ṣá, ìkórè yóò kéré, owó ọjà yóò sì lọ sókè, yálà ẹni tí ó ń rà á mọ ìdí rẹ̀ tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ìsinmi bá ti ku ọdún méjì tàbí mẹ́ta, igi kì í ráyè dàgbà. Èpò ni ó ń gba ilẹ̀. Ẹ̀kan a gba ilẹ̀ tí iná ń jó léraléra. Èkejì ni ewé Akíntọ́lá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Chromolaena odorata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti ṣẹ̀ wá. Àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ sọ pé ó wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937, pẹ̀lú irúgbìn igi gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka. Àwọn àgbẹ̀ kan gbà pé ó sàn ju ẹ̀kan lọ, nítorí pé ewé rẹ̀ a máa jẹrà sórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ tí igi ń ṣe.

Irú igi tí a ń wá

Kì í ṣe gbogbo igi ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Igi tí a ń wá gbọ́dọ̀ tètè dàgbà, kí gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ jìnnà, kí ó lè rúwé padà bí wọ́n bá gé e, kí ewé rẹ̀ sì pọ̀. Bí ó bá jẹ́ irú igi tí ń so pádi bí erèé, àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Lára gbòǹgbò ọ̀pọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀ ni àwọn kókó kéékèèké máa ń wà, nínú kókó náà sì ni àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ín tí ojú kò rí ń gbé, tí wọ́n ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún igi. Bí ewé igi náà bá jẹrà, ilẹ̀ yóò jẹ nínú rẹ̀.

Igi méjì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ìwádìí ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni Leucaena leucocephala, èkejì ni Gliricidia sepium tí àwọn Yorùbá ń pè ní agúnmaníye. Ilẹ̀ Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà Àárín ni àwọn méjèèjì ti wá. Ewé Leucaena a máa tètè jẹrà, ó sì lọ́ràá púpọ̀, ṣùgbọ́n igi náà kì í ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tí ó kan. Agúnmaníye rọrùn láti gbìn: bí wọ́n bá gé ọ̀pá rẹ̀ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò hù. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń fi í ṣe ọgbà, wọ́n sì ń lò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá alààyè tí ewé iṣu ń lọ́ mọ́. Orúkọ Látìnì rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí apèkúté, nítorí pé ní ilẹ̀ tí ó ti wá, wọ́n máa ń lò ó láti fi pa eku.

Ní ìlà-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ Ìgbò ti ní igi tiwọn kí ìwádìí kankan tó bẹ̀rẹ̀. Dactyladenia barteri ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Acioa ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n a máa gbìn ín sí oko kí ó lè bo ilẹ̀ nígbà tí oko bá ń sinmi, wọn a sì máa fi ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ọ̀pá iṣu. Ewé rẹ̀ kì í tètè jẹrà, nítorí náà ó ń bo ilẹ̀ pẹ́, kì í sì í jẹ́ kí èpò hù. Ó tún fara da ilẹ̀ tí ó kan, níbi tí Leucaena ti ń kùnà.

Fún àgbẹ̀ tí kò lè dúró de igi, òtílí wà. Igi kékeré ni, èso rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ, kò sì gbà ju ọdún kan sí mẹ́ta lọ lórí ilẹ̀. Ní apá Àríwá, igi tí àwọn Haúsá ń pè ní gawo ní ìwà àrà ọ̀tọ̀: nígbà òjò ni ó ń wọ́wé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń rúwé. Nítorí náà àgbàdo àti ọkà bàbà a máa rí oòrùn lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀.

Ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ní ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí àgbáyé lórí ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni láti wá ohun tí ó lè rọ́pò oko àṣíkiri. Ní àwọn ọdún 1970, B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin Leucaena ní ìlà gígùn, wọ́n sì ń gbin àgbàdo sí àárín ìlà kan àti èkejì. Mítà mẹ́rin ni wọ́n fi sáàárín àwọn ìlà náà. Bí àgbàdo bá fẹ́ hù, wọn a gé igi náà mọ́lẹ̀ kí ibòji rẹ̀ má baà dí oòrùn, wọn a sì tẹ́ ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, wọn a jẹ́ kí igi náà tún dàgbà títí di àkókò òjò mìíràn.

Ìgbàgbọ́ tí ó wà lẹ́yìn ètò yìí ni pé kí oko àti igbó wà lórí ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbẹ̀ kò ní ṣí mọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò máa sinmi. Èsì àkọ́kọ́ dùn mọ́ni. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn kan ní Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti ń tẹ́ ewé Leucaena sílẹ̀ láìfi ajílẹ̀ òyìnbó kún un ń so nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì àgbàdo lórí hẹ́kítà kan ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń kó ewé náà dà nù ṣubú sí ìsàlẹ̀ tọ́ọ̀nù kan. Ewé tí wọ́n ń gé lọ́dún lè gbé ju kílò 100 náítírójìn lọ fún hẹ́kítà kan. Ní ọdún 1984, Kang, G. F. Wilson àti T. L. Lawson gbé ìwé kékeré kan jáde tí ó pe ètò náà ní ohun tí ó lè rọ́pò oko àṣíkiri.

Ní àkókò kan náà, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ILCA nígbà náà, mú ètò yìí lọ sí àwọn abúlé kan ní agbègbè Ọ̀yọ́. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ tẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ewé náà sórí ilẹ̀, kí ó sì fi ìyókù bọ́ àgùntàn àti ewúrẹ́. Ó di pé igi kan ń bọ́ ilẹ̀, ó tún ń bọ́ ẹran, ó sì ń pèsè igi ìdáná.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi pa á tì

Ohun tí ó ṣe é ṣe nínú oko ìwádìí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo àgbẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà lọ wo oko ní àwọn ọdún 1990, àwọn tí wọ́n ṣì ń ṣe é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wọn kò pọ̀. Ìdí rẹ̀ kò le láti mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ gígé. Igi tí ó ń tètè dàgbà gbọ́dọ̀ gba àdá lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́dún, àkókò tí ó sì ń fẹ́ gígé ni àkókò tí àgbẹ̀ ń kọ ebè, tí ó ń gbìn, tí ó sì ń ro oko. Bí àgbẹ̀ bá pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, igi yóò ga ju àgbàdo lọ, yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìkejì ni pé gbòǹgbò igi àti gbòǹgbò àgbàdo a máa du omi mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ibi tí òjò kò ti pọ̀. Ìkẹta ni pé Leucaena a máa so èso púpọ̀. Bí wọ́n kò bá gé e lásìkò, ọmọ rẹ̀ yóò hù káàkiri, yóò sì di èpò. Ìkẹrin ni pé igi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó bọ́ ilẹ̀ lọ kì í mú owó wá lójú ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé kò lè fi ọ̀rá ilẹ̀ ọdún márùn-ún sí i san owó ìwé ọdún yìí.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n hú u dà nù. Àwọn kan tún un ṣe ní ọ̀nà tiwọn. Dípò kí wọ́n máa gé e lọ́dọọdún, wọ́n jẹ́ kí ìlà igi náà dàgbà di igbó kékeré fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n wá gé e nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dáko níbẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n mú igi tuntun, wọ́n fi í sínú ètò àtijọ́. Oko àṣíkiri wọn kò parẹ́; ìsinmi rẹ̀ ni ó kúrú, tí ó sì lágbára sí i. Irú èrò yìí náà ni wọ́n lò ní ìlà-oòrùn Zambia láti ìparí àwọn ọdún 1980, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin Sesbania àti Tephrosia sí ilẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó gbin àgbàdo sí i.

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn Adja

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Benin, ní agbègbè Couffo, ni àwọn Adja ń gbé. Wọn kì í ṣe ará Àjàh ti Èkó o; ẹ̀yà kan ni wọ́n, èdè wọn sì sún mọ́ èdè Fọn. Ilẹ̀ wọn kún fún ènìyàn, igbó sì ti tán níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá ọ̀nà tí ilẹ̀ wọn yóò fi máa sinmi: ọ̀pẹ ni wọ́n ń gbìn.

Ọmọ ọ̀pẹ ni wọ́n ń gbìn súnmọ́ ara wọn sáàárín àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti tòmátò. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, wọn a máa gé imọ̀ ọ̀pẹ náà kí oúnjẹ lè rí oòrùn. Nígbà tí ọ̀pẹ bá dàgbà tí ibòji rẹ̀ sì pọ̀ jù fún oúnjẹ, wọn a fi oko náà sílẹ̀ fún un. Ọ̀pẹ náà yóò wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, wọn a wó o lulẹ̀, wọn a dá ẹmu lára rẹ̀, wọn a sì fi ẹmu náà pọn sodabi, ọtí líle tí ó jọ ògógóró. Imọ̀ àti gbòǹgbò ọ̀pẹ a jẹrà sínú ilẹ̀, oko tuntun a sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pẹ kò ní kókó náítírójìn lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rá ilẹ̀ nìkan wọ̀n ọ́n, Leucaena lè borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò ọ̀pẹ dúró láti ìran dé ìran láìsí pé ẹnikẹ́ni wá láti òkè òkun wá kọ́ wọn, nítorí pé ọ̀pẹ ń sinmi ilẹ̀, ó sì tún dà bí owó tí a fi pamọ́. Bí ìnáwó òkú tàbí ìyàwó bá dé, àgbẹ̀ mọ ibi tí yóò ti wó ọ̀pẹ. Igi tí ó bá mú ohun kan wá sọ́wọ́ ẹni tí ó gbìn ín ni ẹni náà yóò tọ́jú.

Ẹni tí ó gbin igi àti ẹni tí ó ni ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó le ju ọ̀rọ̀ àdá àti ewé lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó ń fi ilẹ̀ onílẹ̀ dáko lè gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ kí ó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Igi tí yóò pẹ́ kì í ṣe ohun tí ó lè gbìn láìgba àṣẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé igi pípẹ́ jẹ́ ẹ̀rí. Bí ogún ọdún bá kọjá, tí ẹni tí ó ya ilẹ̀ náà sì ti kú, ọmọ ẹni tí ó gbin igi lè nawọ́ sí i kí ó sọ pé baba òun ni ó gbìn ín, ẹjọ́ ilẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, onílẹ̀ a kọ̀, àgbẹ̀ náà kò sì ní fi agbára rẹ̀ ṣòfò lórí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn Adja: onílẹ̀ ni ó ń gbin ọ̀pẹ, bí ọ̀pẹ bá sì ti ga, ẹni tí ó yá ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kó ọkọ́ rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ tàbí ti ẹbí wà nínú irú ìdè yìí.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò pa ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́ lóko. Nínú igbó ọba pẹ̀lú, irú ìṣòro kan náà wà. Láti àwọn ọdún 1920 ni iléeṣẹ́ igbó ní Nàìjíríà ti ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní taungya, orúkọ tí ó wá láti èdè ilẹ̀ Burma. Wọn a jẹ́ kí àgbẹ̀ gbin oúnjẹ sáàárín ọmọ igi gmelina tàbí tíìkì fún ọdún díẹ̀, àgbẹ̀ a sì máa ro igi náà pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀. Bí igi bá ti bo ilẹ̀, àgbẹ̀ yóò lọ. Igi dàgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹni tí ó ro ó.

Ọ̀nà àbáyọ kan ni kí onílẹ̀ àti àgbẹ̀ ṣe àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé igi tí àgbẹ̀ gbìn fún ìsinmi ilẹ̀ kò sọ ilẹ̀ di tirẹ̀, ṣùgbọ́n pé a kò ní lé e kúrò kí ó tó jẹ èrè rẹ̀. Níbi tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò bá ti ṣeé ṣe, òtílí tàbí agúnmaníye tí a gbìn gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá iṣu ni ó dára jù, nítorí pé onílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà wọ́n sí igi tí ń gba ilẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi gbogbo oko rẹ̀ dán an wò. Apá kékeré kan tó. Kí ó gbin igi náà ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí mítà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìlà dábùú òkè náà kí ó lè dá ẹ̀kún omi dúró. Èso Leucaena ní èèpo líle. Wọ́n máa ń fi omi gbígbóná rẹ̀ ẹ́ kí ó tó hù dáadáa.

Ọdún àkọ́kọ́ ni ó le jù. Igi kékeré kò lè bá èpò jà, ewúrẹ́ sì fẹ́ràn ewé rẹ̀. Bí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá wọ oko náà, iṣẹ́ ọdún kan ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí nǹkan bí ìwọ̀n orúnkún, kí wọ́n tẹ́ ewé sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀ka ṣe ọ̀pá iṣu àti igi ìdáná. Ẹni tí ó bá ń fi Leucaena bọ́ ẹran kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ wọn nìkan, nítorí pé ohun kan wà nínú ewé rẹ̀ tí ń pa ẹran lára bí ó bá pọ̀ jù.

Ewé igi kò lè pèsè gbogbo ohun tí ilẹ̀ nílò. Ilẹ̀ tí kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ kò lè rí i gbà láti inú ewé igi tí ó hù lórí rẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ìwọ̀nba ajílẹ̀ òyìnbó lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí igi ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí òjò wẹ ajílẹ̀ náà lọ lásán.

Oko àṣíkiri kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó amúnisìn kan ti rò. Ìmọ̀ ni, ìmọ̀ náà sì dá lórí pé kò sí ilẹ̀ tí kì í rẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni pé àyè tí àgbẹ̀ ń ṣí lọ ti di òpópónà, ilé, èbúté àti oko kòkó. Àgbẹ̀ tí kò lè ṣí mọ́ gbọ́dọ̀ rí igi tí yóò mú ìsinmi wá bá ilẹ̀ níbi tí ó wà, ó sì gbọ́dọ̀ rí onílẹ̀ tí yóò jẹ́ kí igi náà dúró.